Bí a ṣe ń gba ilé lọ́wọ́ ẹ̀fọn: kẹ́ ẹ tó ra oògùn, ẹ lọ wo omi

Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn máa ń bi mí, oògùn ẹ̀fọn wo ló dáa jù, èwo ló lágbára, èwo lèèyàn máa fọ́n tí wọn ò ní padà wá mọ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n bọ́ sẹ́yìnkùlé, kí wọ́n yọjú wo inú gbogbo nǹkan tó bá lè gba omi dúró. Inú máa ń bí àwọn kan, wọ́n á ní oògùn làwọn béèrè. Mo gbọ́, a ṣì máa dórí oògùn, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó ń kọrin sétí yín lóru yẹn, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ tọ́ ọ dàgbà, nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fi gbe ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ wá gbàgbé síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Tẹ́ ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sínú omi yẹn, àwọn nǹkan tín-ín-rín kan tó ń já wírí-wírí, tó máa ń sá lọ sísàlẹ̀ tí òjìji yín bá ti bọ́ sórí wọn, tanwíjí nìyẹn. Ọmọ ẹ̀fọn ni. Abo ẹ̀fọn nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, torí pé ẹ̀jẹ̀ ló fi ń mú kí ẹyin ẹ̀ dàgbà, akọ ò rí ti èèyàn rò, omi dídùn inú òdòdó ló ń mu kiri. Abo á mu ẹ̀jẹ̀ tán, á wá omi tó dúró, á yé ẹyin, ẹyin á pa di tanwíjí, tanwíjí á para dà, á hu ìyẹ́, á fò. Nínú ooru tiwa níbí, gbogbo ìyẹn lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tó bá pẹ́ jù ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan ni ìṣirò yín. Tẹ́ ẹ bá da omi yẹn nù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kò sí èyí tó máa ráyè hu ìyẹ́ nínú ẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ kan tẹ́ ẹ ò ní gbàgbé, àwọn kan ń lo Sátidé torí ó ti mọ́ wọn lára látayé sanitéṣọ̀n, ṣùgbọ́n ti sanitéṣọ̀n jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ò tó fún ẹ̀fọn rárá, kí Sátidé sanitéṣọ̀n míì tó dé, ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn ti lè fò jáde.

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ á rántí wolé-wolé. Wọ́n á kàn wọlé ni, wọ́n á ṣí àmù wò, tí wọ́n bá bá tanwíjí níbẹ̀, ó di owó ìtanràn tàbí ilé ẹjọ́. Àwọn èèyàn kórìíra wọn, tí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n ti dé òpópónà kejì, gbogbo ilé á máa da omi nù gìrìgìrì. Lójú tèmi o, ìdanù-omi gìrìgìrì yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, gómìnà òyìnbó kan wà l'Ékòó láti 1899 sí 1904, William MacGregor, dókítà ni, ó máa ń pín kuiníìnì fáwọn èèyàn, ó sì ń fa omi inú àbàtà gbẹ, ibẹ̀ lorúkọ kánààlì MacGregor tó wà láàárín Ìsàlẹ̀ Èkó àti Ìkòyí ti wá, kó tó di pé wọ́n dí i.

Ibo lẹ máa wò? Ẹ má kàn wo bọ́kẹ́ẹ̀tì àti dírọ́ọ̀mù, ìyẹn ojú rí i. Ẹ wo táyà, bóyá ti yín tàbí ti fọkanáísà tó wà níwájú ilé, torí omi máa ń fara pamọ́ sínú táyà bẹ́ẹ̀ ni ibi yòówù kẹ́ ẹ yí i sí, àfi kẹ́ ẹ lu ihò sí i tàbí kẹ́ ẹ kó o síbi tí òjò ò dé. Ẹ wo orí fẹ́ǹsì tí wọ́n fọ́ ìgò sí, ìdí ìgò máa ń gba omi. Ẹ wo agolo mílíìkì, èèpo àgbọn, ọ̀rá pọ́ọ̀wọ́tà, ìkòkò òdòdó àti àwo tó wà lábẹ́ ẹ̀, àwo ẹ̀yìn fíríìjì, ibi tí omi ẹ́síì ń kán sí, omi tẹ́ ẹ bù fún adìẹ. Ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí ńkọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn kòtò ìpìlẹ̀ àti tánkì tí bíríkìlà fi ń po sìmẹ́ǹtì, ẹ̀fọn ń bímọ síbẹ̀ jọjọ. Páìpù tí wọ́n nà sókè látinú sọkawéè náà, ẹ wá nẹ́ẹ̀tì wáyà kékeré kan kẹ́ ẹ fi dí ẹnu ẹ̀, náírà díẹ̀ ni, ó sì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu bí ẹ̀fọn ilé wọn ṣe ń dín kù.

Tánkì àti kànga, ẹ dé e kó dé dáadáa, kì í ṣe páànù tí ihò pọ̀ lára ẹ̀. Omi tẹ́ ẹ ń pọn pamọ́ fún lílò, ẹ má kàn da á nù kẹ́ ẹ tún pọn òmíràn sí i, ẹ fi kànìnkànìn ha ara dírọ́ọ̀mù yẹn yípo lápá inú, torí ẹ̀fọn kan wà tí ẹyin ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara nǹkan lókè omi, ẹyin yẹn lè gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkú, ọjọ́ tí omi bá tún kàn án ló máa pa. Èyí tó ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú sínú gọ́tà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dín in kù, ó ń pa tanwíjí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń lọ sínú kànga àwọn ará ìsàlẹ̀. Ẹ yọ ọ̀rá àti ẹrẹ̀ inú gọ́tà kí omi lè ṣàn, omi tó ń ṣàn geere kì í gbé tanwíjí dúró.

Mo sọ pé ẹ̀fọn kan wà. Kì í ṣe irú kan ni gbogbo wọn, ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyẹn. Èyí tó ń gbé ibà kiri ni Anopheles, òru ló ń jẹun, láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, àárín òru gan-an ló máa ń le jù, ìdí ẹ̀ máa ń wà lókè tó bá bà sára ògiri, orí ẹ̀ á doríkodò. Omi tó mọ́ díẹ̀, tí oòrùn ń pa ló fẹ́ràn, omi òjò tó dúró sójú ipa táyà mọ́tò, kòtò ojú títì, oko ìrẹsì, ṣùgbọ́n l'Ékòó wọ́n ti bá a nínú omi ìdọ̀tí pẹ̀lú, ẹ ò rí i pé òun náà ti di ará ìlú. Èkejì ni Aedes, ó dúdú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ní ìlà funfun fúnfun, ojúmọmọ ló ń jẹun, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ jù, inú nǹkan ilé ló ń bí sí, dírọ́ọ̀mù, táyà, agolo, òun ló ni ẹyin tó lè gbẹ yẹn, òun ló sì ń gbé ibà pọ́njú (yellow fever) àti ibà déǹgè (dengue) kiri. Ẹ̀kẹta ni Culex, ẹ̀fọn gọ́tà àti sọkawéè, òun ló sábà máa ń pariwo sí wa létí jù nínú ìlú, òun àti Anopheles ni wọ́n jọ ń tan àrùn jàbùtẹ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ti jàbùtẹ́ kíá. Wọ́n máa ń ní ẹni náà tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni, tàbí ayé ló ṣe é. Kòkòrò bí òwú ló ń gbé inú ara, ẹ̀fọn ló sì gbé e wọlé, ọ̀pọ̀ ọdún àti ọ̀pọ̀ ìjẹni kó tó di ẹsẹ̀ wíwú. Oògùn tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún, ivermectin pẹ̀lú albendazole, ló ń dá a dúró láwùjọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú, kó máa fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, kó nu àárín ọmọ ìka gbẹ, kó máa gbé e sókè tó bá jókòó, kò fẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tàbí gbẹ́rẹ́ rárá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí òru, torí ibà ló ń pa wá jù. Nínú ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, èèyàn bíi mílíọ̀nù 263 ni ibà mú lágbàáyé ní 2023, ó pa 597,000, nínú gbogbo ẹni tó pa, Nàìjíríà nìkan kó bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún, ọmọdé tí ò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Nítorí náà tẹ́ni kan bá ń sọ pé ibà lásán ni, ẹ ní kó dákẹ́.

Nẹ́ẹ̀tì lẹ máa kọ́kọ́ lò. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, ooru ń mú, kò síná, nẹ́ẹ̀tì á tún wá ká yín mọ́. Òótọ́ ni. Ẹ lo fáànù tó ń gba iná sára, kẹ́ ẹ gbé e sínú nẹ́ẹ̀tì tàbí kó kọjú sí i láti ìta, afẹ́fẹ́ máa wọlé. Èyí tó ní nẹ́ẹ̀tì ń ta òun lójú, ẹ kò sá a ni. Nẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹ tú u síta, síbi ìbòòji, ọjọ́ kan gbáko, kẹ́ ẹ tó sùn lábẹ́ ẹ̀. Ẹ má sá a sóòrùn, oòrùn ń pa oògùn ara ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa fọ̀ ọ́, ọṣẹ lásán àti omi tútù, ẹ má fi jíìkì sí i, ẹ má fi omi gbígbóná, ìbòòji náà lẹ máa sá a sí, ẹ má sì máa fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ bí aṣọ iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta tó. Ẹ ki etí ẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí ẹní, nẹ́ẹ̀tì tó ń rọ̀ dìrọ̀-dìrọ̀ tí ẹsẹ̀ yín sì fara kàn án, ẹ̀fọn máa ti ìta jẹ yín. Tó bá ya, ẹ rán an, abẹ́rẹ́ àti òwú ni. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ṣe é fún, tí ìjọba bá tún ń pín tuntun ẹ gbà á, àwọn tuntun yìí òmíràn nínú wọn ní oògùn méjì lára, torí oògùn àtijọ́ ti mọ́ ẹ̀fọn tiwa lára, ìyẹn kì í ṣe àsọdùn, ó ti di bẹ́ẹ̀ káàkiri Áfíríkà. Àwọn tó ń fi nẹ́ẹ̀tì sọgbà yí ẹ̀fọ́ ká tàbí tó ń fi í pẹja, n ò ní sọ̀rọ̀, ẹ mọ ara yín.

Wíńdò àti ilẹ̀kùn, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí i, kẹ́ ẹ sì máa wo ihò ẹ̀, ihò kan tó gba ìka ti tó fún wọn. Ẹ tilẹ̀kùn kí oòrùn tó wọ̀, kí wọ́n tó pe mọ̀gàríbì, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, torí wọ́n á ti wọlé, wọ́n á ti wà lẹ́yìn kọ́tìnì àti lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń dúró dè yín. Páànù àjà tó ṣí sílẹ̀ láàárín ògiri àti òrùlé nínú àwọn ilé wa àtijọ́, ibẹ̀ ni ọ̀nà ńlá wọn, ẹ dí i tágbára bá wà.

Ó yá, oògùn tẹ́ ẹ ti ń béèrè. Èyí tí wọ́n ń fọ́n látinú agolo, ẹ kó ọmọ jáde, ẹ bo oúnjẹ àti omi, ẹ fọ́n ọn sí kọ̀rọ̀ àti abẹ́ nǹkan, ẹ ti yàrá pa fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ tún wá ṣí i kí afẹ́fẹ́ wọ ọ́ kẹ́nikẹ́ni tó sùn síbẹ̀. Ó máa pa èyí tó wà níbẹ̀ lálẹ́ yẹn, kò ṣe nǹkan kan sí tọ̀la. Kọ́ìlì, tẹ́ ẹ bá jókòó síta lálẹ́ ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ má tàn án sínú yàrá tó pa dé tí ọmọdé ń sùn, èéfín ni, ẹ má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóòmù. Sniper ńkọ́? Rárá o. Dichlorvos ni, oògùn oko ni, kì í ṣe ti yàrá, NAFDAC ti ní kí wọ́n yé ta ìgò kékeré ẹ̀ ní ọjà àti súpámákẹ́ẹ̀tì láti 2019, síbẹ̀ ẹ máa rí ẹni tó ń wọ́n ọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́. Ọ̀tapiapia náà bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ń rọ sínú ìgò láìsí orúkọ, ẹ ò mọ ohun tí wọ́n po mọ́ ọn.

Ráákẹ́ẹ̀tì tó ń ta iná, kò burú, ó ń dùn mọ́ni nínú tó bá pariwo táá-táá, ṣùgbọ́n ìgbádùn ni, kì í ṣe ààbò. Iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń gbé kọ́ sára ògiri, àfòpiná àti kòkòrò míì ló ń pa jù, torí èémí àti òórùn ara wa ni ẹ̀fọn ń tẹ̀lé, kì í ṣe iná. Ẹfinrin, ṣé ẹ ti ń retí ẹ? Igi ẹfinrin tẹ́ ẹ gbìn sẹ́nu ọ̀nà ò lé nǹkan kan, àfi tẹ́ ẹ bá já ewé ẹ̀ tẹ́ ẹ rún un pa ara, ìyẹn ń lé wọn fún ìgbà díẹ̀, kì í ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìpara tó ní DEET tàbí picaridin ló ń dúró pẹ́ lára, ẹ wo ara ìgò, ẹ fi pa ibi tí aṣọ ò bò, ẹ má fi pa ọwọ́ ọmọdé torí á ki ọwọ́ yẹn bọ ẹnu, ọmọ tí ò tíì pé oṣù méjì ẹ má fi kàn án rárá, nẹ́ẹ̀tì ni tiẹ̀.

Ẹ̀fọn ojúmọmọ nẹ́ẹ̀tì ò ràn, àfi fún ọmọ tó ń sùn lọ́sàn-án. Tòun, omi inú ilé ni ogun ẹ̀. Ní 1987 ibà pọ́njú jà gan-an ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kì í ṣe inú igbó, inú ìlú ni, ohun tó sì fa á ni ẹ̀fọn Aedes tó ń bímọ sínú nǹkan tí wọ́n fi ń pọnmi pamọ́ sílé. Ní 2017 ó tún yọjú ní Ifẹ́lódùn, ìpínlẹ̀ Kwara. Ibà pọ́njú ò ní oògùn tó ń wò ó, wọ́n kàn lè tọ́jú ẹni náà títí ara ẹ̀ á fi borí ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ní àjẹsára, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń fún un nílé ìwòsàn ìjọba. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ò mọ̀ bóyá ẹ gbà á, ẹ lọ gbà á, kì í ṣe torí yẹ́lò káàdì ẹ́apọ́ọ̀tù nìkan, ẹ má lọ ra káàdì lásán láìgba abẹ́rẹ́, ẹ̀fọn ò ní yẹ káàdì wò.

Abẹ́rẹ́ yẹn sì kan ilé wa ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní Yábàá l'Ékòó ni àwọn oníṣẹ́ ìwádìí àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà ti ń ṣiṣẹ́ láyé 1920. Ní 1927 wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ará Góòlù Kósìtì (Gánà òde òní) kan tó ń jẹ́ Asibi, ibà pọ́njú ń ṣe é nígbà yẹn, ara ẹ̀ yá lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n dókítà Adrian Stokes tó wà lára àwọn tó ń ṣe ìwádìí yẹn kó àrùn náà, ó kú l'Ékòó nínú oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ Asibi yẹn ni Max Theiler àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ di aláìlágbára títí ó fi di àjẹsára 17D ní 1937, Theiler gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1951. Òun náà ni wọ́n ṣì ń gún wa títí dòní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí odò, ní Ìbàràpá, lẹ́bàá odò Ògùn àti Ọ̀yán, ẹ má rò pé ẹ̀fọn nìkan ni. Eṣinṣin kékeré dúdú kan wà tí ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ̀, tó ń bí síbi tí omi ti ń ṣàn wàràwàrà lórí òkúta, ojúmọmọ ló ń jẹni lóko àti létí odò, òun ló ń gbé afọ́jú odò. Ara á máa yún, yíyún tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, kókó á yọ lára, ojúgun á di funfun tó-tò-tó, tó bá pẹ́ ojú á lọ. Omi tó ń ṣàn lẹ ò lè dà nù, torí náà ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn lọ sóko. Ìyókù, oògùn ivermectin ni, ọ̀fẹ́ ni, ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi í tọrẹ láti 1987, ẹni tí wọ́n yàn ládùúgbò ló ń pín in, ọ̀pá ló fi ń wọn gíga yín kó tó mọ iye hóró. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lò ó lọ́dún kan kí wọ́n ní ó tó, pé ara ti dákẹ́ yíyún. Kò tó. Ọmọ kòkòrò tí eṣinṣin yẹn gbé sínú ara ló ń pa, ìyá ẹ̀ ṣì wà nínú ara, ó lè lo ju ọdún mẹ́wàá lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín in lọ́dọọdún. Aláboyún àti ọmọ tí ò tíì tó ọdún márùn-ún kò gbọ́dọ̀ lò ó.

Tí gbogbo èyí ò bá wá ràn án tí ara ẹnì kan gbóná, ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Tẹ́ẹ̀sì ibà kékeré, ẹ̀jẹ̀ kán tóó lórí ìka, èsì á jáde kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì àti ilé ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ní in. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní "malaria àti táífọ́ọ̀dù" pa pọ̀ nígbà gbogbo bí ìbejì, ẹ sọ fún ẹni tó ń tọ́jú yín kó fi èsì hàn yín. Tó bá jẹ́ ibà lóòótọ́, ACT lẹ máa lò, ìyẹn oògùn ibà tó pa artemisinin pọ̀ mọ́ oògùn míì, láti 2005 ni ìjọba ti ní kí wọ́n fi kòlòrókúìn sílẹ̀ torí kò ràn mọ́, ara tó máa ń fi yún wa yẹn ti di ìtàn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, artemether-lumefantrine, ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ máa gbé e mì láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kejì jẹ́ wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn àkọ́kọ́, ẹ jẹun tó ní òróró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ sì lò ó tán. Ẹ má fi mẹ́ta pamọ́ fún ọjọ́ míì torí ara ti yá lọ́jọ́ kejì. Tẹ́ẹ̀sì bá ní kì í ṣe ibà, tí egungun ń ro yín gan-an, ojú ń ro yín, ó lè jẹ́ déǹgè, parasítámọ̀ nìkan lẹ lè lò, ẹ yẹra fún ásípírìn àti ibuprofen títí dókítà á fi rí yín.

Ọmọ tí gìrì mú, tó ń bì ṣáá, tí kò lè mu ọmú, tó ń sùn tí kò ṣeé jí, ẹ má lọ wá àgbo tó ní ìtọ̀ màlúù àti tábà nínú, ẹ má ki síbí sí i lẹ́nu, ẹ má fi ẹsẹ̀ ẹ̀ yá iná. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ tú aṣọ ẹ̀, ẹ gbé e lọ ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ artesunate ló fẹ́, ó lè ní àìtó ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Kódà lóru, ẹ jọ̀ọ́.

Aláboyún, nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ fún ìtọ́jú oyún, láti bí oṣù kẹrin wọ́n á fún yín ní SP, Fansidar táwọn ìyá wa mọ̀, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ tó bímọ, oṣù kan láàárín wọn, níwájú nọ́ọ̀sì lẹ máa gbé e mì. Ibà inú oyún lè má jẹ́ kí ara gbóná rárá, á kàn máa jẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá, ọmọ á sì wá kéré. Ẹni tó jẹ́ SS, ẹ má jẹ́ kó sùn láìsí nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì bi dókítà ẹ̀ léèrè nípa oògùn tó ń lò lójoojúmọ́ láti fi dènà ibà. AS máa ń dáàbò bo èèyàn díẹ̀ lọ́wọ́ ibà tó le, ṣùgbọ́n wọn ò ní kí AS máa sùn síta o.

Àjẹsára ibà náà ti dé, R21, oṣù kejìlá 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Kebbi àti Bayelsa, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ máa gbà á, ó ń bẹ̀rẹ̀ látọmọ oṣù márùn-ún. Àwọn aládùúgbò wa ní Benin ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní oṣù kẹrin ọdún yẹn. Tó bá dé ìpínlẹ̀ yín, ẹ gbé ọmọ lọ, ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀tì ò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n máa ń béèrè: ẹ̀fọn kì í gbé HIV kiri. Ìdun ń mu ẹ̀jẹ̀, ó ń báni jà lóru, ṣùgbọ́n kò sí àrùn tí a mọ̀ pé ó ń gbé fún èèyàn. Lásà, eku ni, kì í ṣe kòkòrò.

Tó kù ni ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń bọ̀ fún Kérésì àti ìgbéyàwó láti London, Houston àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa ń sọ pé "ibẹ̀ ni wọ́n bí mi, ibà tiwa ò lè ṣe mí ní nǹkan kan." Ara tó ti kúrò níbi tí ibà wà fún ọdún díẹ̀ ti gbàgbé ìjà yẹn, àwọn ọmọ tẹ́ ẹ bí síbẹ̀ ò sì mọ̀ ọ́n rí. Ní 2023, ó lé ní ẹni 2,000 tí wọ́n rí ibà lára wọn ní Britain, gbogbo wọn ló ti ìrìnàjò bọ̀, ará Áfíríkà tó lọ kí ẹbí sì pọ̀ nínú wọn. Ẹ lọ bá GP tàbí fámásì fún oògùn tó ń dènà ibà kẹ́ ẹ tó wọ báàlù. Malarone, ọjọ́ kan tàbí méjì kẹ́ ẹ tó gbéra lẹ máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ojoojúmọ́ lẹ máa lò ó, ẹ máa lò ó fún ọjọ́ méje sí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá padà délé. Doxycycline, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i lẹ́yìn ìpadàbọ̀, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń jù ú sílẹ̀. Ẹ gbé ìpara ẹ̀fọn dání fún òru ọjọ́ òde, torí kò sẹ́ni tó ń so nẹ́ẹ̀tì mọ́ kánópì. Tẹ́ ẹ bá wá padà, tí ara gbóná láàárín oṣù mélòó kan, kódà títí dé ọdún kan, ẹ má pè é ní òtútù, ẹ má kàn gbé parasítámọ̀ mì kẹ́ ẹ sùn. Ẹ lọ ọsibítù lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ sì tètè sọ fún wọn láti ẹnu ọ̀nà pé Nàìjíríà lẹ ti dé, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ibà, torí dókítà ibẹ̀ lè má rò ó fúnra ẹ̀ tẹ́ ò bá sọ.